Ìka Méjì Láàárín Táyà àti Fẹ́ńdà

Ọjọ́ tí màmá yẹn wọ́ àpò ìrẹsì náà wọ ọgbà mẹkáníìkì wa ní Mówè, mo kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá, wọn ò wò mí. Èmi náà ò lè kí wọn sókè; mo kàn kúnlẹ̀ lẹ́yìn tábìlì omi mi, níbi tí wọn ò ti lè rí mi. Bí mo ṣe máa ń kí ènìyàn nìyẹn. Wọ́n dé iwájú bàbá kékeré mi, wọ́n tú okùn ẹnu àpò náà, wọ́n sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Sípíríǹgì mẹ́rin ló yí jáde sínú iyanrìn. N kò rí wọn rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n, nítorí ẹni tó rà wọ́n ti pè mí lórí fóònù láti inú bọ́ọ̀sì, ó ní pupa ni wọ́n.

Ẹni náà ti kú. Màmá tó da sípíríǹgì sílẹ̀ yìí ló bí i.

Àbúrò bàbá mi ni bàbá kékeré, àwọn ló sì ni ibi iṣẹ́ náà. Abẹ́ mọ́tò ni wọ́n ń tún ṣe: ṣọ́kù, sípíríǹgì, àwọn irin tó ń gbé mọ́tò dúró tí ẹni tó ń wà á kì í rí. Láti Ọ̀ṣun ni wọ́n ti mú mi wá bá wọn nígbà tí bàbá mi kú, ìwé mi sì dúró ní kíláàsì kejì girama. Mo ń ta omi inú ọ̀rá, mínírà àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lẹ́nu ọgbà, lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ Lótò. Ojú máa ń tì mí, kì í sì í ṣe irú ìtìjú tó ń lọ bí ènìyàn bá ti ń dàgbà. Bí oníbàárà bá bi mí ní iye nǹkan, ìka ni mo máa ń nà sókè. Wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kì í bi mí ní ohunkóhun tààrà. Ìyàwó ògiri ló sọ mí nítorí ìtìjú mi, ọ̀dọ̀ bàbá kékeré ló sì máa ń gbà.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi bi ìyàwó ògiri yín bóyá mínírà tutù lónìí."

Ṣùgbọ́n mo ní iṣẹ́ kan nínú ọgbà yẹn tí kò gba ọ̀rọ̀. Bí bàbá kékeré bá ti pààrọ̀ nǹkan lábẹ́ mọ́tò, wọn kì í wọn gíga rẹ̀ nígbà tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. "Mọ́tò òfìfo, irọ́ ló ń pa," ni wọ́n máa ń wí. Wọ́n á ní kí ẹni tó ni ín jókòó sídìí ọwọ́ ìwakọ̀, kí èmi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí mọ́tò lè mọ ẹrù tó máa gbé. Wọ́n á wá lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ táyà, wọ́n á ti ìka bọ àárín táyà àti irin fẹ́ńdà tó bò ó lókè, wọ́n á sì sọ iye ìka tó wọ ibẹ̀. Ìka ni òṣùwọ̀n wọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń jókòó sínú mọ́tò àwọn àjèjì, ọwọ́ mi lórí itan mi, tí mò ń wo iwájú títí wọ́n á fi ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ọmọ màmá yẹn.

Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, Lótò ló ń gbé pẹ̀lú màmá rẹ̀, òun nìkan ni màmá náà sì bí. Ọwọ́ ọkùnrin kan ní Ajúwọ̀n ló ti ra mọ́tò rẹ̀. Mọ́tò àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, ilẹ̀kùn méjì péré, imú rẹ̀ gùn síwájú. Ó dàgbà ju èmi lọ. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n gbé e pa mọ́ sí, adìyẹ ti yé ẹyin sí orí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó kun ọ̀dà, ó wá ku ohun kan tó ń dùn ún. Nítorí ọ̀nà Ajúwọ̀n, ẹni tó ni mọ́tò náà tẹ́lẹ̀ ti fi sípíríǹgì gíga sí i. Ó ga lẹ́sẹ̀, kò bá imú rẹ̀ mu.

"Ẹ wò ó, Ọ̀gá," ló wí fún bàbá kékeré ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e wá. "Ó dà bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè tó fẹ́ la odò kọjá. Mo fẹ́ kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

"Ní Mówè níbí?" ni bàbá kékeré bi í. "Níbi tí àgbàrá ti ń gbé ìkòkò lọ? Ẹni tó bá fẹ́ rẹ mọ́tò sílẹ̀ ní Mówè, kó kọ́kọ́ lọ rẹ ilẹ̀ sílẹ̀."

Wẹ́dà gbọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ bá a ṣe é, Ọ̀gá. Á máa bá wa fi gbálẹ̀ àdúgbò."

Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó fi àwòrán kan hàn wọ́n nínú fóònù rẹ̀, mọ́tò bíi tirẹ̀ tí fẹ́ńdà rẹ̀ jókòó lé táyà lórí, tí kò sí àlàfo rárá. Bàbá kékeré wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n ní kó lọ rò ó dáadáa. Ó lọ rò ó. Ó ń padà wá ní Sátidé, lónìí ó gbọ́ ohùn kan lábẹ́ mọ́tò, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó ní ọwọ́ ìwakọ̀ ń fà sí òsì. Bàbá kékeré á wò ó títí, wọn ò ní rí nǹkan kan. Ní gbogbo ìgbà tó bá wá, á ra omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ mi. N kò rí i kó mu ọ̀kan rí.

Ní Sátidé kan, bàbá kékeré ní kí àwa méjèèjì jókòó sínú mọ́tò náà kí àwọn lè wo bó ṣe ga tó. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán ni ẹnì kan pè wọ́n sẹ́nu ọgbà. Òun sọ̀ kalẹ̀, ó lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú, ó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ àlàfo náà. Ìkúùkù rẹ̀ wọ ibẹ̀ tán. Ó pè mí, mo sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n mú ọwọ́ mi wá. Ó mú ìka mi méjì, ó gbé wọn lé orí táyà.

"Ibí," ló wí. "Ìka rẹ méjì. Kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe ti Ọ̀gá, tiwọn ti wú jù. Nígbà tí àwa méjèèjì bá wà nínú rẹ̀ ni kó jẹ́ ìka rẹ méjì."

Mo wo ilẹ̀. Ó ti yé e pé n kò ní bèèrè, ló bá fúnra rẹ̀ sọ ọ́.

"Àwòrán yẹn lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò dára fún ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀. Bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, á máa gbọ̀n ọ́ jìgìjìgì. Mi ò fẹ́ kó máa gbọ̀n ọ́."

Ohun tó wà láàárín wa kò ju ìyẹn lọ. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, èmi náà ò sì bá a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń fọ ọwọ́, mo máa ń wo àwọn ìka yẹn.

Nígbà tó ṣe tán láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó gbé mọ́tò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Bàbá kékeré tú táyà rẹ̀, wọ́n gbé e lé òkúta, wọ́n yọ àwọn sípíríǹgì gíga náà. Ó mú ọ̀kan dání lọ sí Èkó láti fi wá èyí tó kúrú tó máa bá a mu lọ́jà àwọn tó ń ta irin tòkunbọ̀. Ó ní kí bàbá kékeré má kánjú. Nítorí náà, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ó pè mí.

"Mo ti rí i rà. Pupa ni. Wọ́n wà lórí ẹsẹ̀ mi nínú àpò, gbogbo bọ́ọ̀sì ń wò mí bí ẹni tó jí irin gbé."

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Èyí ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá mi sọ.

Ọjọ́ tí àwọn èrò ń lọ sí ìsìn òru ní Káńpù ni, mọ́tò ti tò jọ láti Ìbàfò. Tírélà kan tí bíréèkì rẹ̀ já ló wọ inú àwọn tó dúró, bọ́ọ̀sì tí òun wọ̀ sì wà nínú wọn. A gbọ́ ìró rẹ̀ ní Mówè, a rò pé ààrá ni.

Ìfọ̀, nílé bàbá rẹ̀, ni wọ́n sin ín sí. N kò lọ. Bí wọ́n bá bi mí pé ta ni mí, kí ni mo fẹ́ sọ? Mọ́tò rẹ̀ wà lórí òkúta lẹ́yìn ìsọ̀ mi ní gbogbo àsìkò yẹn, láìní ẹsẹ̀. Ká ní ó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, kò ní wọ bọ́ọ̀sì. Gbogbo ẹni tó ń wọ ọgbà yẹn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kódà wẹ́dà, tí kì í lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́, kò sọ ọ́.

Bí màmá yẹn ṣe wá gbé àpò náà wá nìyẹn. Àwọn tó gbé òkú ló kó sípíríǹgì fún wọn pẹ̀lú bàtà àti fóònù rẹ̀.

Bàbá kékeré dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn. "Màmá, ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Mo ti gbọ́," ni màmá náà wí. Aṣọ dúdú ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì dúró ṣánṣán. "Ẹ bá mi fi nǹkan wọ̀nyí sí i bó ṣe fẹ́ ẹ."

"Màmá, bí ẹ bá fẹ́ tà á, bó ṣe ga yẹn ló máa yá tà. Ẹni tó máa rà á—"

"Mi ò tà á." Wọ́n wo mọ́tò náà. "Ọ̀gá, wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Wọ́n ní òbí kì í rí i. Mo jókòó sí yàrá ní Lótò, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, wọ́n lọ, wọ́n dé, wọ́n ní kí n jẹun. Bí mo bá dé Ìfọ̀ lónìí, àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ á gbà mí lálejò, wọn ò ní jẹ́ kí n dé ẹ̀yìnkùlé. Mọ́tò yìí nìkan ni mo lè fi ojú rí. Mo sì fẹ́ rí i bó ṣe fẹ́ kó rí, kó má ṣe ju bẹ́ẹ̀, kó má sì dín."

Bàbá kékeré dìde nínú iyanrìn. Wọ́n ṣa àwọn sípíríǹgì náà nílẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n fi wọ́n sí i, wọ́n dá táyà padà, wọ́n sọ mọ́tò náà kalẹ̀ kúrò lórí jáàkì. Wọ́n ní kí wẹ́dà jókòó sídìí ọwọ́ ìwakọ̀, wọ́n sì pè mí bí àtẹ̀yìnwá. Láti ìgbà tó ti kú, n kò wọ inú rẹ̀ mọ́. Mo wọlé, mo gbé ọwọ́ lé itan mi. Àlàfo náà ti dín, ṣùgbọ́n ó ṣì gbà tó ìka mẹ́rin. Bàbá kékeré ní àfi kí àwọn gé sípíríǹgì náà.

Irin tí wọ́n ká bí òrùka lé òrùka ni sípíríǹgì. Bí a bá gé òrùka kan kúrò, mọ́tò á wálẹ̀; bí a bá gé méjì, á wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí a bá sì ti gé, a ò lè so ó mọ́. Òmíràn wà lọ́jà, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ni òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn, tó gbé lé ẹsẹ̀.

Màmá náà dé nígbà tí àwọn sípíríǹgì ti wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tí wẹ́dà ń tan jẹ́nẹ́rétọ̀ rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ ibòji, wọ́n sì bèèrè pé, "Òrùka mélòó lẹ fẹ́ gé?"

"Méjì, Màmá," ni bàbá kékeré dáhùn.

"Ṣé bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn?"

"Ó fi àwòrán kan hàn mí. Kò sí àlàfo kankan níbẹ̀."

"Àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ àlàfo, Màmá," ni wẹ́dà wí. "Wọ́n fẹ́ kó sùn sílẹ̀ bí alángbá."

"Ó dáa," ni màmá náà wí. "Bó bá ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Bàbá kékeré fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi òrùka kejì. Mo rí i láti ìsọ̀ mi. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Àwòrán yẹn ti di àná nígbà tó fi ìka mi wọn àlàfo náà, kò sì tíì sọ fún bàbá kékeré pé òun ti yí ọkàn padà. Ó ní ìgbà tí òun bá kó sípíríǹgì dé ni àwọn máa sọ ọ́. Èmi nìkan ló mọ̀. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á gé méjì, màmá náà á máa wo ohun tí ọmọ wọn ò fẹ́ títí ayé, wọn ò sì ní mọ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Wẹ́dà ti di sípíríǹgì àkọ́kọ́ mọ́ fáìsì tó ń di irin mú, ẹ̀rọ ìgé irin ti ń ké lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rántí bí mo ṣe rìn débẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fi ọwọ́ bo ibi tí ọ̀dà funfun wà.

Ó gbé ẹ̀rọ náà sókè. "Ọ̀gá, ẹ wá wo ìyàwó ògiri o. Ó fẹ́ kí n gé òun lọ́wọ́."

"Òrùka kan ni," ni mo wí. Ariwo jẹ́nẹ́rétọ̀ bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Mo tún un wí. "Ọ̀kan ni. Kì í ṣe méjì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni bàbá kékeré bi mí.

"Ìka méjì ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní àwòrán yẹn á máa gbọ̀n—"

Màmá náà ti dìde. Wẹ́dà pa jẹ́nẹ́rétọ̀, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, mo sì mọ̀ pé gbogbo ènìyàn á gbọ́ ohun yòówù tí mo bá sọ.

"Ta ló ní ìka méjì?" ni màmá náà bi mí.

"Ọmọ yín ni, mà."

"Ìka ta ni?"

Mo na ìka mi méjì sókè, bí mo ṣe máa ń ṣe fún oníbàárà. Wọ́n wo ìka náà, wọ́n wò mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n wò mí.

"Kí ni ìka rẹ ń wá nídìí mọ́tò ọmọ mi?"

Mo ká ìka náà padà, mo tún fi ọwọ́ bo irin náà.

"Mẹkáníìkì wà ládùúgbò wa. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni. Mo ní kó gbé e lọ síbẹ̀. Gbogbo Sátidé ló ń ní rárá, òun fẹ́ràn tibí." Ohùn wọn ò lọ sókè. "Ìwọ lò ń bẹ níbí."

"Màmá, ọmọdé ni," ni bàbá kékeré wí.

"Mi ò bá yín sọ̀rọ̀, Ọ̀gá." Wọn ò gbé ojú kúrò lára mi. "Ká ní ibẹ̀ ló gbé e lọ, ọjọ́ kan náà ni wọn ì bá ti ṣe é tán. Kò ní sí pé mọ́tò ń bẹ lórí òkúta tí ọmọ ń wọ bọ́ọ̀sì."

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ nìyẹn, màmá náà sì ti sọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà, n kò tíì mọ̀. Mo kàn wà lórí eékún mi, ọwọ́ mi lórí irin tó gbóná díẹ̀ nítorí oòrùn.

Màmá náà wo ọwọ́ mi tó bo ọ̀dà funfun náà. Lẹ́yìn náà wọ́n yí sí wẹ́dà.

"Gé ọ̀kan," ni wọ́n wí. "Gé e síbi tó wí."

Wẹ́dà gé ọ̀kan kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò ṣe àwàdà kankan. Bàbá kékeré to gbogbo rẹ̀ padà sábẹ́ mọ́tò. Wọ́n mú pákó kan, wọ́n ní kí n gbé ìka mi méjì lé e, wọ́n sì fá a títí tí nínípọn rẹ̀ fi bá ìka mi dọ́gba, kí àwọn lè fi wọn àlàfo náà. Wọ́n ti mọ́tò síwájú sẹ́yìn kí àwọn irin náà lè jókòó síbi tó yẹ wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ó ku ẹni tó máa wọlé.

Màmá náà ṣí ilẹ̀kùn ìdí ọwọ́ ìwakọ̀ fúnra wọn. Wọ́n jókòó. "Ta ló máa ń jókòó síhìn-ín?" ni wọ́n bèèrè, tí wọ́n fi ọwọ́ lu ìjókòó kejì.

Bàbá kékeré wò mí.

"Kó wọlé," ni màmá náà wí.

Mo wọlé. Mọ́tò náà rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ wa, bí ìgbà tí ènìyàn bá mí èémí tó ti há sí i láyà. Màmá náà na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó láti fà á síwájú, ọwọ́ wọn kan nǹkan. Wọ́n fà á jáde. Omi inú ọ̀rá ni. Wọ́n tún fa òmíràn, àti òmíràn, gbogbo rẹ̀ ti gbóná, ọ̀rá wọn ti ṣá.

"Kí ni gbogbo omi yìí?"

"Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń rà á, mà."

"Kì í mu omi inú ọ̀rá," ni wọ́n wí. "Láti kékeré. Ó máa ń dà á nínú rú. Omi tí mo bá sè nìkan ló ń mu." Wọ́n to àwọn omi náà jọ sí orí itan wọn.

Bàbá kékeré lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ táyà, wọ́n ti pákó náà bọ ibẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe há wẹ́kú.

"Ó ṣe rẹ́gí," ni wọ́n wí.

Mo fẹ́ kí ìtàn náà parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá kékeré wa mọ́tò náà lọ sí Lótò fún màmá náà. Àwọn onílé àdúgbò wọn ti kó òkúta àti amọ̀ pupa jọ ṣe bọ́m̀pù sí ẹnu ọ̀nà, kí àwọn ọlọ́kadà má baà máa sáré pa ọmọ ọlọ́mọ. Mọ́tò náà gun orí rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, táyà ń yí lásán. Àwọn ènìyàn jáde wá wò ó. Ẹnì kan ní kí wọ́n gé bọ́m̀pù náà, alága àwọn onílé ní kò ṣeé ṣe, nítorí òkú kan ẹ ò lè jẹ́ kí ọlọ́kadà pa alààyè. Bàbá kékeré ní màmá náà wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Wọ́n fi ọwọ́ gbé mọ́tò náà kúrò níbẹ̀, sàlẹ́ńsà rẹ̀ ya kúrò lábẹ́, wọ́n sì wà á padà wá sí Mówè pẹ̀lú ariwo tí gbogbo ọ̀nà fi ń yẹ̀ fún un.

Bàbá kékeré ní àwọn lè gbé e sókè padà kó lè wọlé. Màmá náà ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kù sí ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn ìsọ̀ mi ló wà, lábẹ́ tàpólì. Bàbá kékeré fẹ́ tún un gbé lé òkúta kí táyà má baà bàjẹ́, màmá náà kọ̀, nítorí bó bá wà lórí òkúta, ẹsẹ̀ rẹ̀ á so rọ̀, àlàfo náà á sì là. Èmi ni mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà náà. Wọ́n máa ń wá ní Sátidé. Wọ́n á ká tàpólì, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n á jókòó sídìí ọwọ́ ìwakọ̀. Wọn kì í ké, wọn kì í gbàdúrà sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í se omi ní àárọ̀ Sátidé, mo máa ń jẹ́ kó tutù, màá gbé e fún wọn nínú kọ́ọ̀bù lórí ìkúnlẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ wọ́n dà á sílẹ̀. Ní ìgbà kejì wọ́n gbé e lé iwájú ọwọ́ ìwakọ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n mu ún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ń rọ̀, omi ti ń gba ẹnu ọgbà kọjá, kò sí oníbàárà. Wọ́n jókòó síbẹ̀ pẹ́ ju bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú, wọ́n ti ìka wọn bọ ibẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n wo apá ibi tí mo wà.

"Kì í ṣe méjì," ni wọ́n wí.

"Nígbà tí ènìyàn méjì bá wà nínú rẹ̀ ni, mà."

Wọ́n padà wọlé. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kejì láti inú. Wọn ò pè mí. Mo gbé ike omi mi kúrò lójú òjò, mo lọ, mo sì jókòó. Mọ́tò náà wálẹ̀. Òjò ń lu orí rẹ̀, a ò lè rí nǹkan kan nínú gíláàsì iwájú. Wọn ò dárí jì mí, n kò sì mọ̀ bóyá ohun kan wà tó yẹ kí wọ́n dárí rẹ̀ jì.

Wọ́n bèèrè pé, "Ṣé ó ti dé ibẹ̀ báyìí?"

Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó, á tún gbéra. Bí àwọn náà bá sọ̀ kalẹ̀, bákan náà ni. Kò sí bí èyíkéyìí nínú àwa méjèèjì ṣe lè rí i.

Mo ní, "Ó ti dé ibẹ̀, mà."